Láti Ọ̀dọ̀ Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Ọ̀dọ̀ DJ: Ìtàn Sípíkà àti Áńpù Nílé àti Lóde Wa

 Ẹgbẹ́ ló yan àwa márùn-ún pé kí a lọ wádìí irú sípíkà àti áńpù tí a ó rà, kí a lè yé máa háyà ní gbogbo ìgbà tí a bá lóde. Iye owó ni wọ́n ní kí a mú wá, a sì ti jíṣẹ́ náà ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí a ti ń bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ léèrè, tí a sì ń rántí ohun tí ojú tiwa náà ti rí, a rí i pé awuyewuye tó wà nínú ẹgbẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju ẹgbẹ́ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń bára wọn fà á: ṣé kí ẹ̀rọ pariwo ni, àbí kí ó sọ̀rọ̀ kí á gbọ́? Olótùú ìwé yìí ní kí a kọ ìtàn náà sílẹ̀ kí ilé tó dìbò. Òun nìyí.

Gírámafóònù tí àwọn bàbá àgbà wa mọ̀ kò ní áńpù, kò sì mọ iná mànàmáná. Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ló ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tó sì tún sọ ọ́ jáde, ní 1877. Nígbà tí yóò fi tó ọdún mẹ́wàá sí i, Emile Berliner ti gbé èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin rẹ̀ kí àwo tó lè máa yí. Abẹ́rẹ́ á máa tẹ̀ lé ojú ìlà àwo, á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ á kọjá sára awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, fèrè ẹlẹ́nu gbàgede á sì gbé e síta. Kò sí ohun tí ènìyàn lè yí kí ó pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èrò bá pọ̀ níwájú ilé, àfi kí kálukú panu mọ́ kí ó sì sún mọ́ ọn. Oje tí kòkòrò kan ń sun ni wọ́n fi ń ṣe àwo ìgbà náà. Ìgbà 78 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó tán, nítorí bí àwo tánganran ló ṣe ń fọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí kò níná yìí ló kọ́kọ́ gbé orin Yorùbá dé ilé ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní London. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, Odeon, Parlophone àti His Master's Voice, èyí tí àwòrán ajá wà lára àwo rẹ̀, ti ń gbé orin àwọn onísákárà àti àwọn oníjùjú Èkó jáde. Tunde King wà lára àwọn tó kọrin fún Parlophone. Kí ẹ fi ọkàn sí jùjú ayé ìgbà náà, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Gìtá tàbí bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti tanbúrín ni. Kò sí gángan níbẹ̀. Onígángan kún ìgboro, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀kan péré, gìtá ti ṣègbé. Ohun tí ó lè bá gángan dọ́gba nínú agbo kan náà kò tíì dé.

Ní oṣù Kejìlá 1935 ni iṣẹ́ Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Wáyà ni wọ́n ń fà láti ilé-iṣẹ́ wọn wọ ilé oníbàárà. Wọ́n á gbé àpótí kan kọ́ ògiri, sípíkà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì kan tí wọ́n fi ń gbé e sókè tàbí kí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. O kò lè yan ibùdó tó wù ọ́. Ohun tí wọ́n bá fún ọ ni wàá gbọ́, wàá sì sanwó ní oṣooṣù. Àwọn ènìyàn wa wò ó títí, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ òyìnbó, kò sí èyí tó dùn mọ́ wa tó o, nítorí ó ṣàpèjúwe ju ẹ̀rọ nìkan lọ: ìjọba amúnisìn ọ̀hún náà kò gbèsì. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, sípíkà àkọ́kọ́ tó wọ ilé wọn nìyẹn. Áńpù tó ń gbé e wà níbòmíràn lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀.

Kí ni áńpù gan-an? A bi ẹni tó ń tún rédíò ṣe léèrè, ó sì fi yé wa báyìí. Abẹ́rẹ́ tàbí máíkì a máa sọ ohùn di iná, ṣùgbọ́n iná náà kéré débi pé kò lè mi ohunkóhun. Áńpù ló ń gba iná kékeré yìí tí ó ń lò ó láti darí iná ńlá tó ń bọ̀ láti ara ògiri, kí iná ńlá lè máa fò sókè sódò bí ti kékeré ṣe ń ṣe. Lee de Forest ló ṣe gílóòbù tó sọ irú nǹkan yìí di ṣíṣe, ní 1906, ní Amẹ́ríkà. Ní 1925, Chester Rice àti Edward Kellogg gbé àlàyé irú sípíkà kan síta: wáyà tí wọ́n wé róbótó, tí wọ́n so mọ́ ìdí páálí onírìísí àrọ, tí wọ́n sì ki bọ àárín mágínẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá ti ń wọ wáyà náà, mágínẹ́ẹ̀tì á máa tì í, á máa fà á, páálí á máa ti afẹ́fẹ́, etí wa á sì gbọ́ orin. Sípíkà tí Bluetooth ń bá sọ̀rọ̀ nílé yín lónìí, bí ẹ bá tú u, ohun kan náà lẹ ó bá nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni áńpù bọ́ sọ́wọ́ àwọn olórin wa. Ayinde Bakare ni àwọn tó kọ ìtàn jùjú sọ pé ó kọ́kọ́ fi iná sí gìtá, ní 1949. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni gángan wọ jùjú. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí gìtá ti lè ké dé ẹ̀yìn agbo, ó ti ní ohun tí yóò fi dúró níwájú ìlù. Nígbà tí olórin ti ní máíkì, kò pọn dandan mọ́ kí ó máa pariwo kí ọ̀fun rẹ̀ fi ya. Ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣínà fún ìlù Yorùbá láti padà sínú orin ìlú ńlá. Nígbà tí àwọn I. K. Dairo tó gba oyè MBE ní 1963 fi dé, jùjú ti di ohun tí a mọ̀ ọ́n sí: gìtá ń wí tirẹ̀, gángan ń fèsì, ẹni tí wọ́n ń kì ń rọ́wọ́ bọ àpò. Àwọn tó ń sọ nínú ẹgbẹ́ pé sípíkà ló ba orin wa jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka abala yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa tí a bí láàárín 1958 sí 1960, ìdí rédíógírámù ni ojú wa ti là. Ilé tó bá ní i kì í pọ̀ ládùúgbò. Igi dídán gbọọrọ, rédíò ní apá kan, ibi tí wọ́n ń gbé àwo sí ní apá kejì, sípíkà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ wúrà níwájú. Grundig, Telefunken, Philips. Aṣọ tí ìyá fi ọwọ́ hun bò ó lórí, àwòrán ìgbéyàwó wà lórí aṣọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bàbá. Kò sí ọmọ tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣí i, àwọn ará ilé kejì á gbé àpótí ìjókòó wá sábẹ́ fèrèsé. Bí wọ́n bá gbé àpàlà Haruna Ishola lé e, àwọn àgbà kì í jó lójú ẹsẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ tẹ́tí, wọn á mi orí, wọn á bi ara wọn léèrè pé ta ló ń bá wí níbẹ̀ yẹn. Agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, bóyá wáàtì márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sọnù láàárín ẹnu olórin àti etí olùgbọ́. A ń sọ èyí fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n rò pé kí sípíkà tó dára, ó gbọ́dọ̀ ga jù wọ́n lọ.

Ní 1948 ni Columbia ti gbé àwo gbọọrọ jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ojú kan rẹ̀ lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn olórin wa tó rí àǹfààní rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Ade ń fi orin kan wọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin láìdúró, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú agbo. Ilé wá dà bí òde. Àti òde náà: ẹni tí kò lówó láti pe ẹgbẹ́ olórin lè gbé àwo kan lé e, kí ó sì lọ máa kí àlejò fún odindi ogún ìṣẹ́jú.

Owó Udoji ló kù. Nígbà tí ìjọba san àfikún owó oṣù tòun ti àjẹmọ́nú ẹ̀yìn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, àwa wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì rí ohun tí owó náà rà. Alùpùpù, fírììjì, sìtẹ́rìò. Rédíógírámù bọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ lé e lórí. Sìtẹ́rìò ya áńpù sọ́tọ̀, ó ya ibi àwo sọ́tọ̀, sípíkà rẹ̀ sì di méjì. Òyìnbó tó ṣe é ní kí ẹni tó ń gbọ́ ọ jókòó sáàárín, kí sípíkà kan wà lápá ọ̀tún, kí èkejì wà lápá òsì, kí ó lè dà bíi pé àwọn olórin tò síwájú rẹ̀. Ní àdúgbò wa, a gbé ọ̀kan sí pálọ̀, a gbé èkejì sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé a ti rà á. Apá gìtá wà nínú ilé, apá ìlù wà níta. A ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣàròyé.

Ní ti DJ, ẹ̀rọ kan wà tí a kò lè fò dá. Ilé-iṣẹ́ Matsushita ti Japan, àwọn kan náà tó ni National àti Panasonic, gbé Technics SL-1200 jáde ní 1972. Okùn rọ́bà ló ń yí àwo nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n nínú èyí, mọ́tò fúnra rẹ̀ ló wà ní ìdí àwo, nítorí náà bí o bá fọwọ́ dá a dúró tí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kíá ló ti padà sí eré rẹ̀. Pẹ̀lú méjì irú rẹ̀ àti míkísà, ẹnìkan lè fi orin wọ orin láìjẹ́ kí agbo tú ká. Nígbà tí SAP dé ní 1986 tí náírà sì ń wó lulẹ̀, iye tí ẹgbẹ́ olórin ń gbà, pẹ̀lú oúnjẹ wọn àti ọkọ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ju agbára òṣìṣẹ́ lásán lọ. DJ kan, ọmọ iṣẹ́ méjì, ọkọ̀ ẹrù kan, ó parí. A ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, DJ ló lù fún wa níbi ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n ohun kan yí padà tí a kò tètè kíyè sí. Ẹgbẹ́ olórin a máa wo ojú onínàáwó. Bí àgbàlagbà kan bá jáde, wọ́n á rẹ ìlù sílẹ̀, wọ́n á kí i. DJ kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ń wò. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í fi pílíúùdù kan àpótí béèsì tó ga bí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ra sípíkà inú rẹ̀ ní Alaba, ẹni tí àpótí rẹ̀ bá pọ̀ jù ni iṣẹ́ rẹ̀ ń ya. Iye wáàtì tí wọ́n ń kọ sára páálí sì di àlọ́. Ẹ ó rí rédíò kékeré kan tí ọmọdé lè gbé lábíyá, wọ́n á kọ PMPO 3000 sí i lára. Kò sí òfin kankan tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò PMPO; ohun tó bá wu ẹni tó ń tẹ páálí ló lè kọ. RMS ni kí ẹ máa béèrè, nítorí ìyẹn ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún wákàtí láìjóná. Ẹni tó ń tà á tí kò bá mọ RMS rẹ̀, kí ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dé ilé ìpàdé wa, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìnáwó ìkẹyìn ìyá ọ̀kan nínú wa, ẹgbẹ́ háyà ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ẹnìkan tí a kò ní dárúkọ. Onígángan àgbà kan wá láti ìdílé tó ti ń lù fún ilé ìyá náà láti ayé bàbá rẹ̀. Ó dúró síwájú ọ̀rẹ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù ki ìyá rẹ̀, láti orí oríkì orílẹ̀ dé orí orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń pè é. Wọ́n gbé máíkì sí i. Ṣùgbọ́n béèsì ń lù gbù-gbù-gbù lábẹ́ rẹ̀ láti inú orin tí DJ kò pa. A rí ọwọ́ onílù tó ń lọ tó ń bọ̀. A rí ọ̀rẹ́ wa tó na ọrùn, tó ń gbìyànjú. Nígbà tí a ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, ìlù náà sì bá a lọ. Bàbá onílù parí, ó dọ̀bálẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ẹni tí wọ́n ki ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Bàbá náà ti di olóògbé báyìí, a kò sì mọ ẹlòmíràn tó mọ oríkì ilé yẹn lórí ìlù tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwa ìgbìmọ̀ fi gbà pé àárín ohùn ni ká kọ́kọ́ wò nígbà tí a bá ń ra sípíkà, kí á tó dé orí béèsì. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ohùn tó ń mì láti ìgbà 300 dé 3400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, síbẹ̀ bí ìyá rẹ bá sọ pé igbá, o kò ní gbọ́ ìgbà. Bí ó bá sọ pé ìgbá, o kò ní lọ gbé igba náírà fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Béèsì tó ń mi àyà wà ní ìsàlẹ̀ 100, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Èdè wa kò rí bí èdè Gẹ̀ẹ́sì; bí ohùn bá wọ́ mọ́lẹ̀, ìtumọ̀ ti lọ nìyẹn, gángan sì rèé, ohùn nìkan ló ní, kò ní kọ́ńsónáǹtì tí yóò fi gba ara rẹ̀ là.

Fún ilé, ọ̀rọ̀ náà kò le. Sípíkà ilé máa ń ní ìwọ̀n kan lẹ́yìn, bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 88. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá fún un ní wáàtì kan péré, tí a sì dúró ní mítà kan, bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe le tó nìyẹn, ó sì ti pọ̀ fún ẹni tó ń kàwé ìròyìn. Áńpù wáàtì 30 sí 50 RMS ti tó pálọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí sípíkà méjèèjì wà ní gíga etí ẹni tó jókòó, kí wọ́n jìnnà síra bí wọ́n ṣe jìnnà sí i, kí wọ́n má sì ki ẹ̀yìn bọ igun ògiri, nítorí igun a máa wú béèsì. Owó tó bá kù, kí ẹ fi ra abẹ́rẹ́ tuntun, nítorí abẹ́rẹ́ tó ti jẹ a máa fá àwo tí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Òde ló gba ìṣirò. Nínú gbangba, bí a bá ti sọ ọ̀nà di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ti lọ. Láti mítà kan dé mítà 16, tí í ṣe ẹ̀yìn kánópì wa, 24 ti lọ. Bí a bá sọ agbára áńpù di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré la ó rí. Kí a tó rí mẹ́wàá, àfi kí a sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, sípíkà òde tó ní 98 yóò fi wáàtì kan ṣe ohun tí sípíkà ilé tó ní 88 yóò fi wáàtì mẹ́wàá ṣe. Àwọn tó ní kí a kàn ra áńpù ńlá kí a sì so sípíkà pálọ̀ mọ́ ọn, ìdáhùn yín nìyẹn. Ó tún yẹ kí a gbé sípíkà lé orí irin kí ó kọjá orí àwọn tó jókòó níwájú, kí ohùn lè dé ẹ̀yìn láìfọ́ etí ẹni iwájú. Olówó iyebíye kọ́ ni irin yẹn, síbẹ̀ ó ń ṣe ju áńpù kejì lọ.

Ohun méjì ló máa ń jó sípíkà. Ọ̀pọ̀ rò pé áńpù tó lágbára jù nìkan ni, ṣùgbọ́n èyí tí kò lágbára tó náà ń jó o. Bí wọ́n bá yí i dé òpin tí ó sì ń là kàkà, ohùn tó yẹ kó rí roboto á di pẹlẹbẹ lórí, tuítà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nítorí náà kí RMS áńpù má ṣe kéré sí ti sípíkà, kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ sì ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Èkejì ni àsopọ̀. Sípíkà òóòmù mẹ́jọ méjì tí a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di mẹ́rin. Bí a bá so mẹ́rin, ó di méjì, ọ̀pọ̀ áńpù kò sì lè gbé ìyẹn. Ó ń gbóná, ó ń kú, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ti iná náà ń bẹ: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní I better pass my neighbour kò tó wáàtì 1000, gílóòbù àti fáànù sì ti wà lórí rẹ̀ kí áńpù tó dé.

Ohun tí a gbé wá fún ilé nìyí: sípíkà òde méjì tí ó ní wúfà onínṣì 12 àti fèrè lókè, pẹ̀lú irin ìdúró wọn, àpótí béèsì kan, kí ó ní bọ́tìnì tirẹ̀ tí a lè fi pa á lọ́tọ̀, áńpù lọ́tọ̀, míkísà, máíkì mẹ́ta, tí ọ̀kan yóò máa jẹ́ ti onílù nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá wa lọ sọ́jà fẹ́ kí a ra irú sípíkà tí áńpù wà nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́, a gbà, kò sì ní wáyà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí áńpù inú rẹ̀ bá kú ní ọjọ́ Ẹtì, òde Sátidé ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé áńpù ọ̀tọ̀ ṣeé lọ yá lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan nínú wa ní kí a má fi owó ṣòfò lórí pé kí ó dún ketekete, torí etí wa kò gbọ́ dáadáa mọ́. Kí ó ṣáà máa ké. A mọ̀ pé àgbà a máa gba ohùn tínrín kúrò létí ẹni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn má wà níbi tí ariwo ti tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí mẹ́jọ lọ, àti pé bí ó bá ti fi mẹ́ta lé, kí àkókò náà pín sí méjì. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Àwọn àga tí a tò síwájú àpótí béèsì fún àwọn àlejò pàtàkì ní gbogbo òde wa láti ọdún mẹ́wàá wá, kí kálukú ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ ni ilé yóò dìbò. Ẹni tó ń tà á ti gbà kí a gbé e wá sí gbọ̀ngàn kí a tó sanwó. A ti bẹ ọmọ bàbá onígángan tó dolóògbé yẹn, ó ní òun yóò wá. Yóò dúró síwájú máíkì, DJ yóò máa gbá orin lọ lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, wọn kò ní rí ọwọ́ onílù, wọn yóò sì kọ ohun tí ìlù bá wí sínú ìwé. Bí ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ bá bá ti onílù mu, a ó sanwó. Bí kò bá bá a mu, ẹ̀rọ yóò padà sọ́jà ní ọjọ́ náà.